Ìkọ́ Abẹ́ Bàtà

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìdófìàn ló tú àṣírí mi.
Oòrùn kò tíì là dáadáa, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́,
ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ lórí pẹ́dà bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ apẹja,
orúnkún mi sì bá ọ̀dà títì sọ̀rọ̀.
Ọlọ́kadà kan dúró. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bùrọ̀dá.
Ṣé wọ́n so ẹsẹ̀ yín mọ́ kẹ̀kẹ́ ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó tẹná, ó lọ.

Mo bọ́ bàtà wò.
Ìkọ́ rọ́bà tí mo fi ìdajì owó oṣù rà
ti jẹ tán bí ọṣẹ etí kànga.
Eré kọ́ ló jẹ ẹ́.
Ìrìn ni.
Ìrìn dé ọ̀dọ̀ oníwàrà ní Gánmọ,
ìrìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú mọ́ṣáláṣí,
ìrìn ọjọ́ tí táyà bẹ́ tí mo ti kẹ̀kẹ́ dé Àjàṣẹ́,
kò-kò-kà, kò-kò-kà, bí ewúrẹ́ lórí páànù.

Ní Sátidé, mo gbé e lọ sí Babóòkò,
sọ́dọ̀ Múníbátù tó jogún sípánà baba rẹ̀.
Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, ó to pẹ́dà mẹ́ta lé e.
Èkínní fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹlé, ó dúdú, ó ń dán.
"Ẹni tí ọkọ̀ ń tẹ̀lé lẹ́yìn ló ni èyí,
tí wọ́n ń na omi sí lórí eré.
Ìwọ ńkọ́? Ta ní ń tẹ̀lé ọ?"
Ó yí ọ̀pá èkejì, ó gbé e sí mi létí.
Mo gbọ́ iyanrìn.
Ẹ̀kẹta kéré, ó wúwo, irin ni tinú tòde,
ó jọ ohun tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ìlọta.

"Èyí mà burẹ́wà o."
"Ẹwà kọ́ ló ń gun òkè."
Ó fi ìkọ́ rẹ̀ hàn mí: irin, bóòtù méjì péré,
ó wọnú àtẹ́lẹ̀ bàtà bí ìgbín tó wọ ìkarahun.
"Rìn lọ kírun, rìn lọ ra kúlíkúlí,
àtẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ yóò máa jẹ.
Má bi ara rẹ bí o ṣe ń sáré tó.
Bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó lo ń sọ̀kalẹ̀."

Ó yẹ kí n bínú; owó rọ́bà yẹn ṣì ń dùn mí.
Pẹ́dà baba mi ni mo rántí.
Olùkọ́ ni, lẹ́yìn Òmù-Àrán.
Rọ́bà pẹ́dà rẹ̀ jẹ, ó gé táyà mọ́tò so mọ́ ọn.
Táyà jẹ, ó gbẹ́ igi.
Kò sẹ́ni tó so ẹsẹ̀ baba mi mọ́ nǹkan kan,
kò sì pẹ́ dé kíláàsì rí.
Mi ò sọ ìyẹn fún Múníbátù.

Mo ka owó. Ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì nítorí orúnkún.
Ó ní kí n máa tú u lóṣooṣù, kí n fún un ní gíríìsì:
"Eruku Ìlọrin ò mọ olówó."
Ó de ìkọ́ náà, ó tún dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
"Kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹsẹ̀.
Dídi nǹkan mú kò ṣòro."

Mo fi ọwọ́ kan ti ògiri ṣọ́ọ̀bù.
Mo tẹ̀ ẹ́: kẹ́.
Mo yí gìgísẹ̀ síta: kẹ́.
Àwọn ọmọ ilé kéú dúró wò mí, ọ̀kan ń kà á sókè.
Nígbà tó pe méjìlélógún, mo gbàgbé,
èmi àti kẹ̀kẹ́ dojú bolẹ̀ pọ̀.

Múníbátù sáré jáde.
Pẹ́dà ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.
"Kò ṣe é ní nǹkan kan," ó wí.